Fẹ̀yìntọlá Tí Ń Yí Kọ́là

Nígbà tí Sáápù, ètò ìjọba tí ó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, dé, tí náírà ń yọ́ bí òrí inú oòrùn, àwọn ará Àkúrẹ́ kò dáwọ́ aṣọ wíwọ̀ dúró. Aṣọ rírán ni wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Fẹ̀yìntọlá ni ó kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ yìí. Ọmọ Oǹdó ni. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ, tí ó ti ṣe fíríìdọ̀m rẹ̀, kí ó tó wá lọ́kọ sí Àkúrẹ́. Àwọn aránṣọ yòókù ní Òkè-Àró jókòó ti ẹ̀rọ wọn, wọ́n ń lé eṣinṣin, wọ́n ń bú ìjọba. Òun náà bú u díẹ̀, nítorí èébú ọ̀hún tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tíṣà ni ọkọ rẹ̀, owó oṣù kì í wọlé déédéé, èébú kò sì bọ́ ọmọ yó rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó wo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tí ọkọ rẹ̀ wọ̀. Ara ṣẹ́ẹ̀tì náà ṣì le koko. Ibi tí kọ́là ti ń kan ọrùn nìkan ni ó ti gbó, tí òwú ń yọ síta. Ó gba aṣọ náà, ó fi bíléèdì tú kọ́là kúrò, ó yí abẹ́ rẹ̀ sókè, ó sì rán an padà. Tíṣà jáde bí ẹni tí ó ra aṣọ tuntun. Kò pẹ́ tí pátákó kan fi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù: A Ń YÍ KỌ́LÀ. A Ń LẸ ṢÒKÒTÒ.

Àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká rọ́ wá. Ṣùgbọ́n akọ̀wé lè gba ebi mọ́ra, kò lè gba ẹ̀sín mọ́ra. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà wọlé, wọ́n á di ṣẹ́ẹ̀tì sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n á ní àwọn kàn yà kí i ni. Fẹ̀yìntọlá á gba ìkíni, á gba ọ̀rá. Àwọn ìbejì rẹ̀, Táíyé àti èkejì rẹ̀, ń lọ sílé ìwé, ìkòkò rẹ̀ ń hó, kò sì tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyẹn gan-an ni ó bí Ìyá Kíkẹ́ nínú. Òun ni alága ẹgbẹ́ aránṣọ, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé. Ó kó àwọn olóyè ẹgbẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Yọ pátákó yìí kúrò. Uṣẹ́ wa kì í ṣe uṣẹ́ àbùlẹ̀. Bí gbogbo ayé bá ń lẹ ògbólógbòó, ta ni yóò rán tuntun?"

"Ẹ má bínú, Màámi," ni Fẹ̀yìntọlá wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ta ló ń rán tuntun báyìí? Àbùlẹ̀ ní í mú aṣọ tọ́. N kò ní í yọ ọ́."

Wọ́n tú orí ẹ̀rọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹgbẹ́ ti ń fi ìyà jẹ ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn: ilé alága ni orí ẹ̀rọ yóò wà títí ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò fi wá bẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ẹ̀tì Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè, ọkọ Ìyá Kíkẹ́ fúnra rẹ̀, wà nínú ọ̀rá lábẹ́ tábìlì, tí a ti tú kọ́là rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè Fẹ̀yìntọlá. Ó gbé e mì. Aránṣọ tí ó bá fi aṣọ oníbàárà jà, ẹnu ni ó fi ń ránṣọ. Inú bí i débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bínú sí omi náà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀bá títì, ó sì ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán kọ́là lójú gbogbo ayé. Ọjọ́ Sátidé ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ lọ́la, ọ́fíìsì ń bọ̀ lọ́tùn-únla, ṣẹ́ẹ̀tì gbogbo akọ̀wé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìní kọ́là. Kí ni wọ́n ó ṣe? Wọ́n gba iwájú wá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, olúkúlùkù dorí kodò, títí ẹnì kan fi bojú wo ẹnì kejì rẹ̀ tí ó ní, "Háà, ìwọ náà?" Ni ẹ̀rín bá sọ. Ìtìjú tí gbogbo bẹ́ǹṣì bá jọ pín, kì í ku nǹkan kan.

Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè náà dé. Ó ti kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ti bá ilẹ̀kùn ibẹ̀ ní títì.

"Ìyá Táíyé, ṣẹ́ẹ̀tì mi ńkọ́?"

"Kò tíì parí, sà. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ kò yára."

"Ẹ̀rọ yín dà?"

Fẹ̀yìntọlá fi eyín já òwú. "Orí rẹ̀ wà nílé yín, sà."

Ọkùnrin náà yí padà. Oòrùn kò tíì mú tí ó fi gba títì bọ̀, orí ẹ̀rọ léjìká, Ìyá Kíkẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tí a fi ń de é lọ́wọ́. Ìyá náà na nọ́ọ̀tì sí i, kò wò ó lójú. Fẹ̀yìntọlá kúnlẹ̀ gbà á, ó dúpẹ́ bí ó ti yẹ, ó dìde, ó de orí ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ gbọin-gbọin.

"Ẹ jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì, Màámi," ni ó wí. "Ó ṣì ku àwọn tó ṣáájú yín."