Ewé Ojú Títì

Iṣẹ́ mi ní ìjọba ìbílẹ̀ nígbà náà ni kí n lọ wo ọ̀nà tí agbaṣẹ́ṣe bá parí, kí n tó buwọ́ lùwé fún un. Nígbà tí wọ́n fẹ ọ̀nà Ìlárá tó gba inú igbó tíìkì kọjá, ìwé àdéhùn sọ ọ́ kedere: gbogbo igi tí agbaṣẹ́ṣe bá gé, tòun tẹ̀ka tòun tewé, òun ni yóò kó o kúrò lójú títì àti nínú gọ́tà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. N kò lè sọ pé n ò mọ̀.

Wọ́n kó ìtì igi lọ, nítorí ìyẹn ṣeé tà. Wọ́n fi ẹ̀ka sílẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ní, "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn ìyá tó ń wá igi ìdáná á ti ṣá a tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí." Oòrùn mú, ebi ń pa mí, mo buwọ́ lùwé lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn ìyá ṣá èyí tó tó dáná. Wẹ́wẹ́ rẹ̀ tòun tewé ló kù.

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, awakọ̀ á já ewé, á tò ó sẹ́yìn ọkọ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lè dẹ eré. Kò sẹ́ni tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ọlọ́kadà ló ń dẹ eré tí wọ́n bá rí ewé tíìkì yẹn. Wọn ò ní rí ọkọ̀ kankan níwájú, wọ́n á ṣépè, wọ́n á tún ki eré mọ́lẹ̀. Àbúrò mi ń fi ọ̀kadà gbé èrò gba ibẹ̀ lójoojúmọ́. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé: "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ tó bàjẹ́ lọ́nà yín yẹn mà pọ̀ o. Mi ò dúró fún wọn mọ́."

Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo ọ̀nà, tírélà tó kó ẹ̀gẹ́ bàjẹ́ sí kọ́nà. Àbúrò mi rí ewé, kò dẹ eré. Kò débi ọsibítù láàyè.

Awakọ̀ tírélà náà wá sílé wa, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá wa. "Màmá, mo fi ewé sílẹ̀. Ọlọ́run gbọ́, mo tò ó dáadáa." Èmi jókòó, n ò lè sunkún. Inú mi kú bí ẹsẹ̀ téèyàn ti jókòó lé pẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí di òní. Lọ́jọ́ kejì, mo mú àdá àti bárò, mo kó ewé kúrò ní ọ̀nà náà títí ọ̀sán fi pọ́n. Àwọn tó ń kọjá ń kí mi kú iṣẹ́.

Ìyá wa ṣì máa ń bi mí, bó bá ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, pé ṣé ó dá mi lójú pé awakọ̀ yẹn fi ewé sílẹ̀. Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i.

"Kí ló wá dé tí ọmọ mi ò fi dúró?"

Mo ní n ò mọ̀.