Wákàtí Méjì tí Ẹ̀rọ Fi Ń Dákẹ́ ní Dassa

Ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ àgbàdo àti èlùbọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọjà ní Dassa; ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Glazoué. Irú ẹ̀rọ kan náà ni, òfin ariwo ìlú méjèèjì ni ò dọ́gba. Lọ́dọ̀ tiwa, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, gbogbo ẹ̀rọ aláriwo gbọ́dọ̀ dákẹ́ fún wákàtí méjì. Ní Glazoué, wọ́n lè lọ nǹkan láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n.

Inú máa ń bí mi. Àwọn oníbàárà tí abọ́ wọn wà nílẹ̀ á máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣòfin. Ẹ̀gbọ́n mi á tún pè mí lórí fóònù, ẹ̀rọ tirẹ̀ á máa ké lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Àbúrò, ẹ̀rọ tiyín ti lọ sùn?"

Lọ́jọ́ kan, mo kọ lẹ́tà sí méríì, ọ́fíìsì olórí ìlú, pé kí wọ́n jẹ́ kí òfin wa dà bíi ti Glazoué. Mo wá ń wá ẹni tí yóò bá mi fọwọ́ sí i. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo lọ bá ni àgbà agbolé ọkọ mi, bàbá kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ kí n tó délé ọkọ. Mo ka lẹ́tà náà fún un.

Ó ní, "Ìyàwó, mo gbọ́. Màá tẹ ìka sí i. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ mú mi gun òkè ẹ̀yìn ilé, nísinsìnyí tí ẹ̀rọ dákẹ́."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo rò pé èmi ni mo ń fà á. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé òun ló ń fà mí. Nígbà tí a dórí àpáta, ó jókòó.

"Ẹnì kan ń roko lápá ọ̀tún. Ọkọ́ rẹ̀ ń kan òkúta."

Mo wò. Obìnrin kan wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún lóòótọ́, ó kéré bí èèrà.

"Àwọn ọmọ iléèwé ń bọ̀ wá jẹun. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ kan ọ̀kan nínú wọn, kò sí ní ìkejì."

Mo na ọrùn títí mo fi rí wọn. Ọmọbìnrin kan mú bàtà kan lọ́wọ́, ó ń fẹsẹ̀ kan ta pọ́n-ún pọ́n-ún.

"Òjò ń rọ̀ lápá Kpingni."

Èmi ò rí nǹkan kan. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, òjò yọ lẹ́yìn òkè, ó funfun, ó ń rìn bọ̀ lórí igbó. Orí mi wú. Mo kúnlẹ̀ láìmọ̀.

"Bàbá, ṣé báyìí lẹ ṣe ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lójoojúmọ́?"

"Wákàtí méjì péré ni. Tí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ṣú fún mi nìyẹn."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tí ń bínú. Ó na àtàǹpàkò sí mi: "Níbo ni kí n tẹ̀ ẹ́ sí?"

Mi ò lè gbé ìwé náà fún un. Mo ká a sínú ìró mi, mo ní kí a máa sọ̀ kalẹ̀ kí òjò tó dé. Lẹ́tà náà kò dé méríì títí di òní.

Ní ọ̀sán báyìí, mo máa ń gbé àpótí mi síta, màá di ojú, màá tẹ́tí. Adìyẹ nìkan ni mo ṣì ń gbọ́.