Torí Kí Aráyé Má Baà Gbọ́, Mo Pàdánù Concours Àwọn Agbẹ̀bí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín lónìí. Ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn tí mo gba BAC, ìwé ẹ̀rí ìparí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ti lé lọ́dún kan báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ẹ̀, inú ṣì máa ń bí mi gan-an! Bí mi ò bá sọ ọ́ síta, mi ò ní gbádùn ara mi.

Èmi ni Bàsírátù. Tchaourou ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì wà di òní. Bàbá mi ń gbin iṣu àti kaṣú, màmá mi ń ta gàrí létí títì ńlá tó lọ sí Parakou. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti bí àkọ́bí ẹ̀ ni mo ti ń sọ pé agbẹ̀bí ni mo máa ṣe. Lọ́jọ́ náà, agbẹ̀bí tó wà nílé ìwòsàn jáde sí wa, ó ní kí gbogbo wa dákẹ́ ariwo, bàbá mi sì dákẹ́! Bàbá mi tí ẹnikẹ́ni ò lè pa lẹ́nu mọ́! Mo ní, ẹ̀n-ẹ́n, iṣẹ́ tí mo fẹ́ rèé.

Bàbá mi ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ó ti là á mọ́lẹ̀ fún mi kí n tó jókòó ìdánwò: bí mo bá rí ilé-ẹ̀kọ́ gidi wọ̀, òun á dúró tì mí, bí mi ò bá rí i wọ̀, òun ò ní jẹ́ kí n máa jókòó lásán nílé. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan wà ní Kika tó ń wá ìyàwó fún ọmọ ẹ̀, ó sì ti ń bèèrè mi. Ẹ ṣáà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Mo gba BAC. Inú gbogbo ilé dùn, àwọn èèyàn ń ya wá kí wa. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá mi pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó tún ti fèrèsé nínú ooru yẹn! Ó ní kí n gbọ́ o, ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu mi. Bí wọ́n bá bi mí, kí n ní mi ò tíì mọ̀. Ó ní ẹnu ayé lẹbọ, pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni oríire wọn ti bàjẹ́ torí pé ìyá wọn ò lè pa ẹnu mọ́.

Ṣé mo lè jiyàn? Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa dàgbà níbí nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò ò ní sọ, ẹni tó lóyún ò ní sọ, ẹni tó ra ilẹ̀ á ní òun kàn ń bá ẹnìkan ṣọ́ ọ ni. Ohun tó bá ti ṣẹ tán la máa ń sọ. Kó tó ṣẹ, gbogbo wa ò tíì mọ̀.

Ibẹ̀ ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ bi mí ni olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní SVT, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Ó ní kí gbogbo àwa tí a yege wá bá òun ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́jọ́ kan, kí òun ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yan ẹ̀kọ́ fún wa. Ó wá yà sọ́dọ̀ mi, ó ní kí ni mo fẹ́ lọ kọ́ gan-an. Mo rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀, mo ní bàbá mi ṣì ń rò ó. Ó wò mí, ó ní, "D'accord, ṣùgbọ́n má pẹ́ o." Lọ́jọ́ tó pè wá náà, mi ò lọ. Màmá mi ní bí mo bá débẹ̀, wọ́n á fọgbọ́n wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Ẹnì kejì ni Ráfíátù, ọ̀rẹ́ mi. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn àti tiwa. Orí ẹní kan náà la ti jọ kàwé fún BAC, abọ́ kan náà la ti jọ jẹun. Mo bi í pé kí ló fẹ́ yàn. Ó ní òun ò tíì mọ̀. Òun náà bi mí. Mo ní èmi náà ò tíì mọ̀. A sì jọ rẹ́rìn-ín!

Orí internet la ti ń yan ẹ̀kọ́. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó lè bá mi ṣe é wà ní Tchaourou níbí, kò jìnnà sílé wa. Ṣùgbọ́n kí ojúlùmọ̀ má baà rí mi, mo wọ mọ́tò, mo kọjá Tchatchou, ó di Parakou, ní cyber kan, níbi tí wọ́n ti ń sanwó lo internet, tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ fẹ́ bá mi wò ó, mo ní kó jọ̀ọ́, kó yíjú sẹ́yìn! Ẹ rò ó wò o. Ẹni tí mo sanwó fún pé kó ràn mí lọ́wọ́, mo tún ń fi pamọ́ fún un. Mo fi ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí ṣáájú, mo wá tẹ ohun tí ọwọ́ mi bá sáwọn àyè tó kù.

Màmá mi se ẹ̀wà, ó fi ṣe sàráà. Alfa bi í pé àdúrà kí ni kí àwọn ṣe. Ó ní, "Ẹ ṣáà máa ṣe é lọ, Ọlọ́run ti mọ̀ ọ́n." Àní Alfa tó fẹ́ bá wa bẹ Ọlọ́run, a ò sọ fún un!

Kò pẹ́ sígbà náà, Ráfíátù múra, ó lọ sí Parakou. Ìyá ẹ̀ ní ó lọ kí àbúrò òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Èmi aláàánú, mo bu gàrí tó kúná dáadáa sínú ọ̀rá, mo ní kó bá mi fún ìyá ọmọ. Nígbà tó dé, mo bi í pé ọmọ ńkọ́. Ó ní ọmọ wà dáadáa, ó ń dúpẹ́. Ọmọ ọwọ́ ń dúpẹ́! Ṣé kò yẹ kí n ti fura?

Nígbà tí èsì jáde, mo wò ó lórí portable bàbá mi, ìyẹn fóònù ẹ̀. Orúkọ mi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí. Géographie ni wọ́n fi mí sí, ọ̀kan nínú èyí tí mo kàn tẹ̀ kí àyè má baà ṣófo. Wọ́n tún ní kí n máa sanwó ara mi. Bàbá mi ò pariwo. Ó ní ṣé géographie ni mo ní mo fẹ́ ṣe? Mo ní rárá. Ó ní ó dáa, òun á ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ òun ní Kika.

Màmá mi dìde, ó káwọ́ lérí. "Wọ́n ti gbọ́! Mo mọ̀! Ta lo sọ fún?" Mo ní mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní irọ́ ni mò ń pa, pé ọwọ́ ayé ò lè tó ohun tí ayé ò gbọ́. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ náà dùn mí ju èsì lọ.

A ṣì wà lórí ẹ̀ nígbà tí a gbọ́ ariwo ayọ̀ láti ilé kejì. Ìyá Ráfíátù ń jó! Ọmọ ẹ̀ ti wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí.

Agbẹ̀bí kẹ̀! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, mo dìde, mo lọ kí wọn, torí wọn ò ṣẹ̀ mí. Mo fa Ráfíátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í bó ṣe ṣe é. Ó ṣàlàyé pé yíyàn orí internet nìkan ò tó fún ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Èèyàn gbọ́dọ̀ kó ìwé ẹ̀ lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀, kó sì jókòó ṣe concours, ìyẹn ìdánwò ìwọlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ kan tó ti wà níbẹ̀ ló ta á lólobó. Ọjọ́ tí wọ́n ní ó lọ kí ìyá ọmọ, concours ló lọ ṣe.

Mo ní, "Ráfíá, o ò sì sọ fún mi? Agbẹ̀bí ni èmi náà fẹ́ ṣe!"

Ó la ẹnu sílẹ̀. Ó ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ṣebí ìwọ lo ní o ò tíì mọ̀! Ká ní mo mọ̀ ni, à bá jọ lọ."

"Gàrí mi ńkọ́?"

"Mo jẹ ẹ́ ní Parakou."

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gbà mí lẹ́nu. Ìyá tiẹ̀ náà ló pè é wọ yàrá, tó ní kò gbọdọ̀ sọ. Àwa méjì lórí ẹní kan, ọ̀nà kan náà là ń lọ, a sì ń fara pamọ́ fún ara wa! Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Ká ní ọ̀tá wà ni, ǹ bá mọ ẹni tí mo máa bá jà.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo pàdé olùkọ́ SVT wa létí títì, mo sì ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ní lọ́jọ́ tí òun pè wá, ohun tí òun sọ gan-an nìyẹn: àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ṣe concours, àwọn ìwé tí wọ́n máa bèèrè, bí certificat de nationalité, ìwé ẹ̀rí ọmọ orílẹ̀-èdè, ṣe máa ń pẹ́ kó tó jáde tó fi yẹ kéèyàn ti máa wá a kí BAC tó dé. Àti pé kí ẹnikẹ́ni má fi yíyàn kejì àti ẹ̀kẹta ṣeré, torí ibẹ̀ ni wọ́n lè gbé e sí. Ọ̀fẹ́ ló sọ gbogbo ẹ̀! Ó wá bínú sí mi. Ó ní, "Bàsírátù, est-ce que àjẹ́ ni mí ni? Kí ló dé tó o fi ń sá fún mi?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. 

Mo lọ kúnlẹ̀ fún bàbá mi. Mo ṣàlàyé fún un pé mi ò fìdí rẹmi nínú concours, mi ò tiẹ̀ débẹ̀ rárá ni. Ó ní òun gbà, ọdún kan sí i, ó parí. Bó bá tún yẹ̀, kí n má dárúkọ agbẹ̀bí létí òun mọ́, àwọn ará Kika ò ní dúró títí ayé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti tú ẹnu mi sílẹ̀! Níbi tí màmá mi ti ń ta gàrí, bí oníbàárà bá ti kí mi báyìí, mo ti ń sọ ọ́: agbẹ̀bí ni mo fẹ́ ṣe o, concours ló wà níwájú mi, ṣé ẹ mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀? Màmá mi á máa tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, á máa ṣàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Oníbàárà á máa wo àwa méjèèjì.

Wọ́n gbà mí nímọ̀ràn títí! Ìsọkúsọ ni àwọn kan ń sọ. Tonton mi, àbúrò bàbá mi tó wà ní Cotonou, ní iṣẹ́ aṣọ rírán ló yẹ obìnrin. Ẹnìkan ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu pẹ̀lú ìwé, kí n ṣáà wá ẹni ńlá tó máa bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò dé ọgbà yunifásítì kankan rí! Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó máa ń wá ra gàrí láti Sanson dúró, ó ní àbúrò òun jẹ́ agbẹ̀bí ní Tchatchou. Ojú ẹsẹ̀ ló pè é lórí portable, ó sì gbé e fún mi.

Tata agbẹ̀bí yìí ni mò ń lọ bá lópin ọ̀sẹ̀. Kì í fepo bọyọ̀. Ó ní SVT mi dáa, ṣùgbọ́n Faransé tí mò ń kọ ò tíì tó nǹkan kan. Ó ní kí n máa gbé aago síwájú bí mo bá ń kọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ ló mọ ìdáhùn tí àkókò kì í tó. Ó bi mí bóyá ìbẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ń ṣe mí. Ó tún ní kí n lọ bi bàbá mi lójúkojú pé bí wọ́n bá mú mi tí ìjọba ò sì sanwó fún mi, kí la máa ṣe? Mi ò ro ìyẹn rí láyé mi! Mo bi í. Bàbá mi ní bí mo bá ti wọlé, òun mọ ohun tí kaṣú wà fún.

Ráfíátù náà máa ń wálé nígbà ìsinmi, á jókòó tì mí, á ṣàlàyé irú ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n. Inú mi ń dùn, inú sì ń bí mi. Kí n má purọ́ fún yín, bí mo bá rí aṣọ funfun ẹ̀ lórí okùn, ó máa ń dùn mí dé egungun.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní terminale, kíláàsì àṣekágbá, àti ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ gbọ́ mi. Mi ò ní kéèyàn máa ro gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ kiri ọjà. Ohun tó yẹ kéèyàn fi pamọ́ wà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹ wá sọ fún mi, báwo lèèyàn ṣe ń bèèrè ọ̀nà tí kò ní dárúkọ ìlú tó ń lọ? Ẹ lọ bá ẹni tó ti rin ọ̀nà náà fúnra ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó kàn gbọ́ nípa ẹ̀. Ẹ bi ju ẹnìkan lọ, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń dáhùn ló mọ̀. Ẹ má sì dúró de èsì BAC kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè.

Màmá mi ò tíì gbà o. Lánàá yìí ló tún bẹ̀ mí pé, ó kéré tán, kí n má sọ ọjọ́ concours náà fún ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó sú mi!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé wọ́n ti pa ẹ̀yin náà lẹ́nu mọ́ bẹ́ẹ̀ rí? Ta ló là yín lójú nígbà tí ẹ fẹ́ wọ yunifásítì, ta ló sì ṣì yín lọ́nà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ fún mi.

Ní tèmi, ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ yìí, ní Parakou, mò ń lọ ṣe concours àwọn agbẹ̀bí. Mo ti sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe mí níbi ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ náà ti mọ̀ ọ́n.