Baba Yìnyín àti Ọkọ̀ Tí Kò Fẹ́ Tutù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń bá irin jà, kó wá wo Baba Yìnyín lórí òrùlé ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ó dojú bolẹ̀, sípánà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àkísà wà lọ́wọ́ òsì, òógùn ń kán láti imú rẹ̀ sórí irin gbígbóná, ó sì ń bá ẹ̀rọ amúlétutù wí bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn wí. "Kí ló kù tí mi ò tíì ṣe fún ọ? Sọ ọ́, kí n gbọ́!" Ẹ̀rọ kò fèsì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, bó ṣe máa ń kú nígbà gbogbo, pẹ̀lú ìró kékeré kan ṣoṣo: ká!

Wọn ò ṣèèṣì sọ bàbá náà ní Baba Yìnyín o. Yàrá òtútù ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, àwọn yàrá ńláńlá tí àwọn ẹlẹ́ran àti ẹlẹ́ja ń kó ọjà sí kó má bàa bàjẹ́. Bó bá ti ilẹ̀kùn yàrá tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, atẹ́gùn ò ní ríbi wọlé, èèrà pàápàá ò ní ríbi gbà. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti di ọ̀gá káàkiri. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan ló fẹ̀yìn tì, kò fẹ̀yìn ti ìgbéraga.

Nítorí ìyàwó rẹ̀ ni bàbá náà ṣe gun òrùlé ọkọ̀. Àìsàn kan ló bá iṣan ara obìnrin náà jà, láti ìgbà náà ni ooru ti di ọ̀tá rẹ̀. Bí ooru bá ti mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á kọ̀ jálẹ̀, ojú rẹ̀ á máa ṣú, gbígbé ni wọ́n á gbé e. Bí ara rẹ̀ bá tún ti tutù, yóò dìde, yóò rìn, yóò sì máa pàṣẹ fún gbogbo ilé bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú yàrá kan ló ń gbé, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ṣe ẹ̀rọ amúlétutù tí kì í sinmi. Ayé rẹ̀ kò kọjá ojú fèrèsé.

Obìnrin náà wá ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ ìyá rẹ̀, tó fẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n dàgbà. Àbúrò yìí ń gbé ní ìlú etí òkun, ojú rẹ̀ sì ti fọ́. Ọwọ́ ló fi ń mọ ènìyàn báyìí. Ọmọkùnrin àbúrò náà ti wá láti òkè òkun, ó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ pátápátá. Àbúrò ń sunkún lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn yín nìkan ò tó mi. Mo fẹ́ fọwọ́ kan ojú yín kí n tó lọ." Baba Yìnyín gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé, ó ní, "Ìyá wọn, sọ fún un pé à ń bọ̀. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Bó ṣe di pé ó ra ọkọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ ńlá àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ṣe bí ilé, tó ní ibùsùn, ìdáná kékeré àti ilé ìwẹ̀ nínú, tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ sì jókòó sórí òrùlé bí àpótí. Ẹni tó tà á ti gbàgbé rẹ̀ sábẹ́ igi kan títí ewé fi bò ó. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Ilé-ń-rìn. Ọ̀rẹ́ bàbá náà, jórinjórin kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju iná tó fi ń jó irin lọ, ní irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọn, pé kò sí èyí tó ń rìn níbẹ̀.

Baba Yìnyín ò fi ṣeré rárá. Ó dí gbogbo ihò ara ọkọ̀, ó fi fóòmù tẹ́ ògiri rẹ̀, ó ṣe é bí yàrá òtútù gan-an. Lẹ́yìn náà ló gé páànù, ó tẹ̀ ẹ́, ó yọ igun rẹ̀ ní róbótó, ó sì fi dé ẹ̀rọ orí òrùlé lórí bíi fìlà. Nídìí iṣẹ́ tiwọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ síta láì ṣe ìbòrí fún un. Oòrùn ò gbọdọ̀ pa á, òjò ò gbọdọ̀ pa á. Ìbòrí ni wọ́n fi ń dá ọ̀gá mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́. Ìdè irin tó fi kan èyí mọ́lẹ̀ tó èyí tí ìjì ò lè ṣí.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé. "Bàbá wọn, ibo ni nǹkan yẹn á ti máa mí báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá wọn, jẹ́ ká pín iṣẹ́. Ìwọ máa sinmi, èmi ni kó o fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún."

Obìnrin náà pa fèrèsé dé.

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀. Ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀, inú ọkọ̀ á tutù, bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ká! Ó yí gáàsì padà. Ká! Ó wá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ mìíràn lọ sí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta irin àlòkù, ó gbé e dé, ó tò ó, ó tutù, ó ń súfèé, ká! Ó pààrọ̀ fáànù. Ó tú gbogbo wáyà. Ó ní jẹnẹrétọ̀ ni kò lágbára, ó ra òmíràn. Pàbó ló ń já sí. Ó dé ibi tí kò súfèé mọ́ nítorí ó rò pé súfèé náà ló ń pa ẹ̀rọ.

Ìgbà kan wà tó gbà pé ó ti yanjú, tí wọ́n gbéra. Wọn ò tíì kọjá ilé tó kẹ́yìn ìlú tí ẹ̀rọ fi kú. Inú ọkọ̀ tó ti dí pinpin gbóná kíákíá. Ìgbà tó máa bojú wẹ̀yìn, ìyàwó rẹ̀ ti yọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn, kò lè gbé ẹsẹ̀. Ó fi tówẹ́lì tútù bò ó, ó sì wakọ̀ padà sílé pẹ̀lú omi lójú. Inú ń bí i sí ẹ̀rọ, inú ń bí i sí ara rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ tí kò jágbe mọ́.

Jórinjórin gbìyànjú rẹ̀ ṣá. "Àwọn ọmọ tó ń tún irú ẹ̀rọ ọkọ̀ yìí ṣe wà lójú títì lọ́hùn-ún. Pè wọ́n."

"Èmi? Èmi tí mo kọ́ wọn níṣẹ́?"

"Yàrá lo kọ́ wọn. O ò kọ́ wọn lọ́kọ̀."

Baba Yìnyín fapá jánú. Ó ní kí ó jáde nínú ọgbà òun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì jáde lóòótọ́.

Báyìí ni ọjọ́ ń lọ títí tó fi ku ọ̀la tí àbúrò máa wọ ọkọ̀ òfurufú. Alẹ́ ló máa gbéra, nítorí náà bí wọ́n bá jáde ní ìdájí, wọ́n á bá a nílé. Ní ìdájí ọjọ́ ìrìnàjò náà, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, ó ṣiṣẹ́, kò kú. Inú bàbá dùn débi pé ó gbé ìyàwó rẹ̀ sọ́wọ́ wọnú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè rìn. Obìnrin náà ti wọ aṣọ tó ti ń fi pamọ́. Wọ́n ń di ẹrù tó kù, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ilé, oòrùn yọ, ó tàn sórí òrùlé.

Ká!

Bàbá fi orí ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Sọ̀ kalẹ̀, kí n mú ọ padà sí yàrá. Ó ti sú mi."

"Mi ò sọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Kò pariwo. "Ẹ gun òkè, kẹ́ ẹ ká nǹkan yẹn kúrò lórí ẹ̀rọ."

"Kí ni ìbòrí ní í ṣe pẹ̀lú…"

"Bàbá wọn, mi ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ gbà. Mo ní kẹ́ ẹ ká a."

Ìbínú ló gbé e gòkè. Ó fẹ́ ká a kó lè fi hàn án pé kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ń dà á láàmú: ìdè irin náà ò tú. Ó fi òòlù lù ú, ó fi ayùn ré e, ó bú ẹni tó kàn án, ó rántí ẹni tó kàn án, ó dákẹ́. Oòrùn ti ga dáadáa kí páànù náà tó ṣí. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó sì fà á jáde wéré, torí ibẹ̀ gbóná bí inú ààrò. Ẹ̀rọ yàrá òtútù a máa fẹ́ ooru rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Èyí ń fẹ́ tirẹ̀ sókè, ìbòrí wá ń dá a padà sí i nímú. Ẹ̀rọ ń fa ooru ara rẹ̀ mu títí á fi dákú. Gbogbo gáàsì, gbogbo kọ̀mpúrẹ́sọ̀, gbogbo wáyà tó tú, kò sí èyí tó ṣẹ̀ ẹ́ nínú wọn.

Ó tan ẹ̀rọ, ó sì dúró nínú oòrùn, ó ń retí ìró yẹn. Kò gbọ́ ọ.

Wọ́n gbéra. Inú ọkọ̀ tutù bí yàrá ẹja. Ìyàwó rẹ̀ dìde fúnra rẹ̀, ó di nǹkan mú, ó rìn wá síwájú, ó jókòó tì í. Baba Yìnyín tẹ ọkọ̀ arúgbó náà dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó gun alùpùpù ń kọjá lára rẹ̀, wọ́n ń wò ó tìyanu-tìyanu. Ìlú ń kọjá, oko ń kọjá, oòrùn ń sọ̀ kalẹ̀, òkun kò sì hàn. Ó ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ tipẹ́ kí fóònù tó dún pé àwọn ti pẹ́ jù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ dé?" Ohùn àbúrò gba inú ọkọ̀ kan. Ariwo èrò wà lẹ́yìn rẹ̀. "A ti wà ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n ti ń pè wá. Mo dúró, mo dúró. Ṣé ọkọ̀ yẹn ló tún kọṣẹ́?"

Baba Yìnyín di ìdarí ọkọ̀ mú gírígírí. Ó ń dúró kí ìyàwó rẹ̀ sọ ohun tó fà á. Ó tọ́ kó sọ ọ́.

"Rárá o," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ọkọ̀ dára. Ọkọ mi ṣe é dáadáa, ó tutù, mo ń gbádùn. Ara tèmi ni kò yá ní àárọ̀. Èmi ni mo dá wa dúró. Má bínú sí mi, àbúrò mi." Ó gbé fóònù náà mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí òdìkejì fi dákẹ́, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀.

Baba Yìnyín yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó dúró.

"Ìyá wọn," ló wí, "bú mi. Mo bẹ̀ ọ́, bú mi."

Obìnrin náà ń wo títì tó ṣì gùn níwájú wọn.

"Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá wọn," ló wí. "Ẹ yí ọkọ̀ padà."