Inú Rírun Tó Bá Wa Gbààwẹ̀ Lẹ́ńtì

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Oǹdó, gbogbo àdúgbò wa ló mọ inú mi. Bí wọ́n bá ń kí àwọn ọmọ yòókù, wọ́n á ní, "Ṣé dáadáa ni?" Tó bá kàn mí, wọ́n á ní, "Inú ńkọ́?" Kì í ṣe inú rírun ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún o, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Á kọ́kọ́ máa kùn, á wú, lẹ́yìn náà ni n óò ká jọ sórí ẹní bí ìgbín. Àìmọye ìgbà ni mo ti fi súwè sílẹ̀ láìparí tí mo sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ọ̀dọ̀ Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ni mò ń gbé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà pátápátá. Alágbàká ní Àkúrẹ́ ni àwọn òbí mi ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń wá wò mí, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì wá ni mo máa ń di ẹrù mi. Ìyá mi á ní, "Jẹ́ kí inú yẹn fi ẹ́ sílẹ̀ ná. Ta ló máa jókòó tì ẹ́ tí mo bá lọ síbi iṣẹ́?" Ni n óò bá tún tú ẹrù. Ó ń dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́.

Jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo ayé dá ẹjọ́ rẹ̀ sí. "Ṣúgà lò ń lá!" Èmi tí wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ ti agolo ṣúgà mọ́! Àárọ̀ Ọjọ́rú àti Sátidé, àgbo ni, ewé kíkorò tí wọ́n rẹ sínú omidùn. Tí mo bá sá, màá kúnlẹ̀, màá gbé ọwọ́ sókè, màá sì tún mu ún náà. Ìyà méjì lórí àgbo kan ṣoṣo! Lẹ́yìn rẹ̀ ni Màmá Àgbà á wá po mílíìkì kún kọ́ọ̀pù ńlá fún mi. "Mu ún, mílíìkì ló ń fọ inú. Kò sí oró tí kò lè pa." Torí pé mo tín-ín-rín ni wọ́n ti ń pò ó fún mi tẹ́lẹ̀, àgbo wá sọ ọ́ di púpọ̀.

Èmi náà, ọmọ tó máa ń tọpinpin ni mí. Kí ló dé tí mo jẹ ẹ̀wà lánàá tí inú ò run mí, tí mo wá jẹ iyán lónìí tó ń run mí? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú fa ìlà sára ògiri ilé ìdáná, ìlà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí inú bá run mí, màá sì ya oúnjẹ tí mo jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá Àgbà rí i, wọ́n nà mí ní pàṣán méjì, wọ́n ní kí n fọ ògiri. Mo fọ̀ ọ́. Mo wá gbé iṣẹ́ mi lọ sẹ́yìn ìwé ìṣirò.

Ibẹ̀ la wà tí Lẹ́ńtì fi dé. Nílé wa, tó bá ti di Ọjọ́rú Eléérú, ẹran á di èèwọ̀, mílíìkì á wọ àpótí, ó di Àjíǹde. Àgbo ò gbààwẹ̀ ní tiẹ̀, mò ń mu ún. Ọ̀sẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta, mi ò rí ìlà kankan fà! Mo jẹ iyán àti ọbẹ̀ marúgbó, mo bá wọn ṣe súwè títí wọ́n fi lé wa wọlé. Màmá Àgbà lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àdúrà ti gbà.

Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, mo jẹ ẹran yó, inú ò run mí. Ọjọ́ Ajé, wọ́n tún po mílíìkì. Kí oòrùn tó kan àtàrí, mo ti ká jọ sórí ẹní.

Háà, mo rí i! Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe wí i? Èmi nìkan ni wọ́n ń po mílíìkì yẹn fún nílé. Omi gbígbóná lásán ni Màmá Àgbà fúnra wọn ń mu. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Nígbà tó yá, mo kúnlẹ̀, mo gbé ìwé lé wọn lẹ́sẹ̀. "Màmá, ẹ má nà mí o. Mílíìkì ni."

Wọ́n wọ jígí. Wọ́n wo ìwé náà títí. "Ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí," ni wọ́n wí. "Ká tún un ṣe." Tíṣà ni tíṣà ń jẹ́! Ọ̀sẹ̀ méjì láìmu ún, inú dákẹ́. Kọ́ọ̀pù kan péré, ó ti dé. Màmá Àgbà jókòó tì mí lórí ẹní, wọ́n ń fọwọ́ ra mí nínú. "Ó mà ṣe o. Èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi pọ́n ọ lójú. Má bínú, ọmọ mi." Mi ò gbọ́ ọ rí kí àgbà bẹ ọmọdé. Àwa méjèèjì la jọ sunkún. Ọdún yẹn náà ni mo kó lọ sí Àkúrẹ́.

Inú mi ò tíì dá títí di òní; oúnjẹ mìíràn náà ti dara pọ̀ mọ́ mílíìkì, ṣùgbọ́n mo ti mọ ìwà rẹ̀, òun náà ti mọ tèmi. Ayé sì ti yàtọ̀. Dókítà wà, àyẹ̀wò wà, fóònù tó mọ orúkọ gbogbo àìsàn wà lọ́wọ́ wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní inú ń run òun. Ká tó wí ká tó fọ̀, mo ti wà lórí fóònù, mo ti ka àìsàn mẹ́fà. Ó fà mí láṣọ.

"Mọ́mì, ẹ ò tíì bi mí pé kí ni mo jẹ."