Ẹyin Tòlótòló Bàbá Oyèbọ̀dé

Tí ẹ bá dé Atikori tí ẹ béèrè Nimotalahi, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ìyá Ìsàba ni kí ẹ sọ, kíá ni wọ́n á nawọ́ sí ilé rẹ̀. Obìnrin yìí ti dáná fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè títí ẹ̀yìn fi ń ro ó, kó tó ra ẹ̀rọ ìsàba, àpótí onígíláàsì tó ń fi iná mànàmáná ṣe iṣẹ́ tí àgbébọ̀ adìẹ ń fi ara ṣe. Tọmọdé tàgbà ló ń kó ẹyin wá bá a. Á fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ olówó wọn sára èèpo, á ní, "Ó di ọwọ́ mi." Tí Nimotalahi bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ máa lọ sùn ní tiyín.

NEPA nìkan ló ń fojú rẹ̀ rí màbo. Ó ní UPS kan, àpótí kékeré tó máa ń gbé ẹ̀rọ ró tí iná bá lọ, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi máa ń han pé ó ti rẹ òun. Nígbà tí Ṣéhù ọmọ rẹ̀ gbọ́ àròyé yìí lórí fóònù títí, ó fi àpótí ńlá kan tí bátìrì kún inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, èyí tí wọ́n yọ níbi iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ra tuntun. Ẹrù náà wúwo bí òkúta. Inú ìyá dùn débi pé ó fi ìborùn rẹ̀ nù ún.

Mùtàlíbù, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó máa ń tún UPS ṣe, ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìhà Ogun Waterside. Ó ní kí wọ́n má tíì fọwọ́ kàn án, kí òun dé ná. Kí ìyá dúró kẹ̀? Ẹyin tòlótòló Bàbá Oyèbọ̀dé wà nínú ẹ̀rọ, ó ku ọ̀la kí ọmọ jáde nínú wọn. Mọ́tò ti tẹ abo tòlótòló tó yé wọn pa, bẹ́ẹ̀ ẹyin yìí nìkan ló kù nínú ohun ọ̀sìn tí ìyàwó bàbá fi sílẹ̀ kó tó kú. Lójoojúmọ́ ni bàbá, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í bọ́ sùtánà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, máa ń wá gbé etí lé gíláàsì. Lánàá ló gbọ́ tí àwọn ọmọ náà ń ké láti inú èèpo, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí ìyá wọn ṣe máa ń ké gan-an nìyẹn.

Ẹ gbà mí, ta ló máa rí irú ìyẹn tí á fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún NEPA? Nimotalahi ki ẹnu wáyà bátìrì bọ ẹnu UPS. Ó wọlé wẹ́rẹ́, kò há, kò mì. Ó ní tó bá ti bára mu báyìí, kí ni Mùtàlíbù tún fẹ́ wá yẹ̀ wò? Ìwàǹwára ìyá yìí náà ti pọ̀ jù.

Ọ̀sán ni iná lọ. UPS han lẹ́ẹ̀kan, nǹkan dún pàù nínú rẹ̀, èéfín yọ, gbogbo iná wẹẹrẹ ara ẹ̀rọ ìsàba sì kú.

Lórí fóònù, Mùtàlíbù ní kó ka nọ́ńbà fóltì tó wà lẹ́yìn UPS. Mẹ́rìnlélógún. Ó ní kó ka ti àpótí bátìrì. Méjìdínláàádọ́ta.

"Mọ́mì," ó ní, "ìlọ́po méjì agbára tó lè gbà lẹ gbé fún un. UPS ti jó, ó sì ti kó bá ọpọlọ ẹ̀rọ ìsàba yẹn. Èkó la ti máa rí òmíràn."

"Àwọn ọmọ yìí ń ké, Mùtàlíbù. Mo ń gbọ́ wọn."

Ó ní òun ń bọ̀, àmọ́ àwọn méjèèjì mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó.

Òjò dé, ilẹ̀ tutù. Nimotalahi kó ẹyin sínú ìró, ó fi ìgò omi gbígbóná yí wọn ká. Tó bá fọwọ́ kàn án, á ní ó gbóná jù. Kó tó yíjú padà, ó ti tutù jù. Ó kiri àdúgbò, ó ń wá àgbébọ̀ tó ń sàba. Ọ̀kan tó rí sá fún ẹyin náà, kò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó kó díẹ̀ sí àyà, ó ń sọ́kún bí ọmọdé. Ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kan èèpo lára rẹ̀, tí ohùn wọn sì ń tín-ín-rín sí i. Nígbà tí wọ́n pe ìrun àsùbáà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ó dá wọn padà sínú ẹ̀rọ, torí kò mọ ibòmíràn tí wọn ì bá wà.

Bàbá Oyèbọ̀dé wọlé pẹ̀lú agbọ̀n tó fi àjákù ìró ìyàwó rẹ̀ tẹ́. Ó gbé etí lé gíláàsì, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọmọ ti sùn. Ibẹ̀ ni iná dé, tí gbogbo àdúgbò hó yèè.

"Ìyá Ṣéhù, iná ti dé," bàbá ní. "Ẹ bá wa tan ẹ̀rọ yìí, kí òtútù má mú wọn."

Nimotalahi dìde, ó tẹ bọ́tìnnì. Bàbá gbé agbọ̀n lé itan, ó ń dúró. Ìyá tún un tẹ̀.