Gàráńtì Oṣù Mẹ́ta Tí Mo Kọ fún Màmá Olùkọ́

Ọdún kejì tí mo ti Abijan dé ni mo ṣí ibi iṣẹ́ tèmi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Masifa, ní Èjìgbò. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe mẹkáníìkì lọ́hùn-ún, mọ́kànlá nínú rẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá kan tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kankan jáde nínú ọgbà láì fún ẹni tó ni ín ní ìwé. Ìwé náà á sọ ohun tí a tún ṣe, á sì sọ iye oṣù tí a fọwọ́ sọ̀yà fún. Bí ohun tí a tún ṣe bá bàjẹ́ kí oṣù náà tó pé, a ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Gàráńtì ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, gàráńtì náà ni a ń pè é nílé.

Mo mú àṣà náà bọ̀ wálé. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé nítòsí ọjà, wọ́n tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún mi ní èdè Yorùbá, ẹ̀dà méjì méjì, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún oníbàárà. Alága ẹgbẹ́ àwa mẹkáníìkì, ẹni tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi, gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó sì dá a padà.

Ó ní, "O ń fọwọ́ ara rẹ fa wàhálà. Ọkọ̀ àlòkù ni gbogbo wa ń tún ṣe níbí. Ta ló mọ ohun tó kù tó fẹ́ bàjẹ́ lára rẹ̀?"

Mo ní, "Bàbá, ohun tí mo bá fọwọ́ ara mi ṣe ni mo ń ṣe onídùúró fún."

Kì í ṣe pé mo ń gbéra ga. Mo mọ iṣẹ́ mi ni. Ọkọ̀ tó bá ń jò ni mo tiẹ̀ fẹ́ràn jù láti tún ṣe, torí ohun tó ń kán sílẹ̀ máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Bí ó bá pupa, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ti gíà ni. Bí ó bá ní àwọ̀ ewé, tó sì ń ta sánsán bí ohun dídùn, ti rẹdiétọ̀ ni. Bí ó bá dúdú, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Bí ó bá sì jẹ́ omi lásán tó mọ́ kedere, kì í ṣe àìsàn rárá, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sínú ọkọ̀ ló ń da omi rẹ̀ nù. Èèyàn tí mo ti ní kó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé ní àlàáfíà nítorí irú omi bẹ́ẹ̀ kò lóǹkà.

Ó lé lọ́dún kan tí mo ti ń kọ ìwé gàráńtì yìí kí Màmá Olùkọ́ tó wá. Gbogbo Èjìgbò ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀hún náà ni oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń wa ọkọ̀ kékeré kan aláwọ̀ eérú lọ síbẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí ìtọ́kọ̀, kò ní sáré, kò sì ní yà fún ẹnikẹ́ni tó bá ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ ní àgbàlá mi, lórí sìmẹ́ńtì tí mo ń sá láfún sí."

Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ náà lọ. Ọ́ìlì dúdú ni, ó rọ̀ mọ́ etí àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ́ìlì máa ń dúró sí bí ọkọ̀ bá sinmi. Láàárín àwo náà àti ara ẹ́ńjìnnì ni gásíkẹ́ẹ̀tì wà, òun ló ń dí àlàfo. Mo sọ fún un pé gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn ló ti gbó. Mo tú àwo náà, mo fi tuntun sí i, kí wọ́n tó pe ìrun Ásárì mo ti parí.

Mo kọ ìwé fún un. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì gba bírò lọ́wọ́ mi.

"O kọ ọ́ síbí pé ọ́ìlì ń jó. Ṣé ijó ló ń jó ni?"

"Ẹ má bínú, Mọ̀mí. Ó ń jò ni."

Ó yí àmì orí rẹ̀ padà. "Èkejì. O ní gàráńtì wà lórí gásíkẹ́ẹ̀tì. Ṣé gásíkẹ́ẹ̀tì ni mo wá rà lọ́wọ́ rẹ, àbí ọ́ìlì tó ń jò ni mo ní kí o dá dúró?"

"Ọ́ìlì ni, Mọ̀mí."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà náà."

Mo fa ìlà sórí èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ́ìlì kò ní jò mọ́ lára ẹ́ńjìnnì yìí fún oṣù mẹ́ta. Ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti ṣe é parí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó padà wá. Ó mú páálí kan dání tó ti ń tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ láràárọ̀. Ọ́ìlì ti kán sí i káàkiri, ó sì fi bírò kọ orúkọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú.

Mo bi í pé, "Mọ̀mí, ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣí i lẹ́yìn mi?"

"Ìwọ nìkan ni."

Mo rò ó pé òkúta ojú ọ̀nà oko ló gbá àwo náà. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo tún fún àwọn bóòtù tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ yíká, mo nu ún, mo ní kó máa lọ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo fi ṣe gbogbo rẹ̀. Bí mo bá ń rántí rẹ̀ báyìí, mo mọ̀ pé n kò wò ó dáadáa. Mo ti pinnu ohun tí mo máa bá níbẹ̀ kí n tó wọ abẹ́ ọkọ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá kò tíì pé tí ó tún fi dé. Alága wa wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà, ó wá yá jáàkì. Òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó sì fà mí sẹ́yìn.

Ó ní, "Gásíkẹ́ẹ̀tì tí o fi síbẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ó mọ́, ó dì dáadáa. Sọ fún un pé ibòmíràn ló ń jò, iṣẹ́ tuntun ni."

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tí gbogbo wa máa ń sọ ló sọ. Mo wo Màmá Olùkọ́ níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi kajú, àpò rẹ̀ lórí itan, ìwé mi nínú ọwọ́ rẹ̀. Kò ṣí i. Ì bá tiẹ̀ pariwo mọ́ mi, ara ì bá tù mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì ni mo kọ síbẹ̀. Ọ́ìlì ni mo kọ."

"Ta ló ní kí o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi náà ni mo fọwọ́ sí i."

Mo lọ bá a lórí bẹ́ǹṣì. Mo ní, "Mọ̀mí, n kò tíì mọ ibi tó ti ń jò. Ẹ jẹ́ kí n wá a." Látìgbà tí mo ti dé láti Abijan, n kò tíì sọ fún oníbàárà kankan pé n kò mọ nǹkan. Ó mi orí, ó ní kí n máa wá a.

Mo fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ ẹ́ńjìnnì náà látòkè délẹ̀, mo jẹ́ kó gbẹ. Mo sọdá títì lọ ra átíkè ọmọdé agolo méjì, irú èyí tí wọ́n ń fi sára ọmọ tí ooru bá mú, mo sì fọ́n ọn sí gbogbo ara ẹ́ńjìnnì títí ó fi funfun bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ọ̀gá mi ní Abijan ló kọ́ mi ní ọgbọ́n yìí, ó pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ṣe é kẹ́yìn, torí mo rò pé ojú mi ti tó.

Màmá Olùkọ́ wa ọkọ̀, èmi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a forí lé ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn kí ọ́ìlì lè jò sára átíkè náà. Nígbà tí a jáde nílùú, ó ní, "Alága yín ní kí o lé mi lọ, àbí?"

"Rárá o, Mọ̀mí."

"Etí mi ṣì ń gbọ́rọ̀." Ó yí gíà padà, kò wò mí. "N kò bínú sí i. Ohun tó mọ̀ ló sọ."

A yí padà, a dé ọgbà mi. Mo ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, mo ti dígí kékeré kan bọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Gbogbo ibẹ̀ funfun, àfi ìlà dúdú kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó ìka ọwọ́. Láti abẹ́ ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ẹ̀yìn pátápátá níbi tí ojú kì í dé, ó sì ṣàn sọ̀kalẹ̀ títí dé etí àwo ìsàlẹ̀. Mo gbé dígí náà fún alága. Ó wò ó pẹ́.

"Láti òkè," ló sọ, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo yíjú sí Màmá Olùkọ́. Mo ní, "Èmi ni mo ṣì í, Mọ̀mí. Ibi tó ń kán sí ni mo tún ṣe, n kò tún ibi tó ti ń jò ṣe. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè ló ti gbó. Èyí tí mo kọ́kọ́ pààrọ̀, bóyá kò tiẹ̀ ní nǹkan kan tó ń ṣe é."

"Ṣé ìwé yìí bò ó?"

"Ó bò ó."

Mo fi ọkọ̀ tèmi gbé e lọ sílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí Òṣogbo lọ ra gásíkẹ́ẹ̀tì náà, torí kò sí irú rẹ̀ ní Èjìgbò. Nígbà tí mo ṣí ìdérí òkè, èyí tó wà níbẹ̀ ti le bí awọ gbígbẹ, ó ń rún wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ha ojú ibẹ̀ mọ́, mo fi tuntun sí i, mo sì ń fún bóòtù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àárín bọ̀ sí etí kí ó lè jókòó dọ́gba. N kò kánjú. Mo tún fọ́n átíkè sí i, mo wà á lọ wà á bọ̀, ó funfun bí mo ṣe fi í sílẹ̀.

Nígbà tí Màmá Olùkọ́ wá gbé e, ó bi mí nípa oṣù mẹ́ta náà, pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Mo ní òní ló bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ìwé mìíràn fún un.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ṣe ìpàdé, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn bó ṣe rí, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọwọ́ kan ọkọ̀ náà tí n kò rí àìsàn rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága dìde. Ó ní òun náà ti tún ibi tí ọ́ìlì ń kán sí ṣe rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, tí òun sì dá ẹni tó ni ọkọ̀ lẹ́bi nígbà tó padà wá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Kí a tó túká, àwọn mẹ́ta ti gba ìwé gàráńtì mi lọ tẹ irú rẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù mẹ́ta náà pé tí mo yà sílé Màmá Olùkọ́ láti mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ń fọwọ́ yí láfún padà lórí sìmẹ́ńtì, ọkọ̀ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kí i, mo bọ́ bàtà, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì yí padà, mo fi ẹ̀yìn rá wọ abẹ́ ọkọ̀.

Ó ní, "Aṣọ funfun lo wọ̀ yẹn. Yóò dọ̀tí."

Mo ní, "Ọ́ìlì kò ní kán sí i, Mọ̀mí."

Mo fọwọ́ pa etí àwo ìsàlẹ̀ yíká. Ó gbẹ. Mo jáde, mo dìde dúró, ó sì ní kí n yí ẹ̀yìn mi wá. Eruku nìkan ló wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ gbọ̀n ọ́n dànù, ó ní kí n wọlé wá jẹun.